Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló lágbára: máṣíìnì wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ìyá wa, Òkun o, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ̀pà ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 31 ni mí. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì ń gbé mi dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pá abẹ́ abíyá ni mo fi ń rìn, ọrùn ọwọ́ òsì sì máa ń ro mí tó bá di alẹ́. Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Aṣọ ọmọdé àti yúnífọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tí mo lọ bá ní bí n kò bá lè wa ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn máṣíìnì tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, òun kò lè gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ọbàjànà ní òun yóò ra indọ́sírìà, máṣíìnì ńlá irú ti ilé iṣẹ́, fún mi, pé òun ló yá jù. Ìyá mi ní ọlọ́wọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, ni kí n rà. Iná tiwa kì í dúró. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Òkun o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wa yóò gùn, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí. Ra orí máṣíìnì dúdú, irú Butterfly tàbí Two Lion. Má ra irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn. Ní kí káfíńtà kan tábìlì pẹrẹsẹ tí yóò gbé e sí. So mọ́tọ̀ kékeré tó ń lo iná mọ́ orí náà, kí o máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dàlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ra ọwọ́ ìyípo kan sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn kò bá mú iná wá. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ kò ṣubú, owó ẹ̀gbọ́n rẹ yóò sì rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn nìkan ni mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí, mo sì máa dé ibẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ló ń bá ọ yan máṣíìnì. Ohun tí yóò máa yí máṣíìnì náà ló yẹ kí ẹ jọ yàn. Orí máṣíìnì, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ àti bọ́bìnì tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí àti eyín tó ń fa aṣọ wà, kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló ń yí òun tàbí ọwọ́ tàbí iná. Wíìlì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo agbára ń gbà wọlé. Tí wíìlì yẹn bá ti ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, aṣọ yóò rán. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, bẹ́líìtì awọ ló ń ti ìsàlẹ̀ wá yí i. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́, irin ìyípo ni. Tó bá jẹ́ mọ́tọ̀, bẹ́líìtì rọ́bà kékeré ni. Orí kan náà gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn orí dúdú fún ẹni tí ara rẹ̀ kò pé: bí agbára rẹ bá pọ̀ sí i tàbí tó dín kù, bí iná bá dára ní Mọ̀pà tàbí tó burú sí i, ohun tó ń yí i ni wàá pààrọ̀, orí rẹ wà níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó mú kí ọkàn mi balẹ̀ sí i ni pé ó rọrùn láti tún ṣe. Láti ìgbà tí Singer ti gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe orísìíríṣìí orí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pè ní 15 ni àwọn ará Japan wò ṣe lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Ṣáínà náà sì ń ṣe é títí di òní. Ọ̀pọ̀ orí dúdú tó wà ní ọjà wa, ìdílé yẹn ló ti wá. Bọ́bìnì ọ̀kan a máa bọ́ sínú èkejì, ilé bọ́bìnì náà a máa bá ara mu, abẹ́rẹ́ wọn kò sì ṣòro rí. Láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí ìlú tí o kò ti ní rí baba àgbàlagbà kan tó mọ ìdí rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ẹlẹ́sẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Ẹsẹ̀ kan lè wa ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún ọ. Wàá gbé ẹsẹ̀ òsì sí àárín irin ìtẹ̀ gan-an, gìgísẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ ìka níwájú. Wàá fi ọwọ́ ọ̀tún ti wíìlì wá sọ́dọ̀ ara rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, nítorí tó bá fi ẹ̀yìn rìn, òwú yóò lọ́ mọ́ra, yóò sì já. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí ní Kàbbà, mo sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi tìrẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fún un. Ó wà á dáadáa. Inú mi dùn sí i débi pé mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé. Nígbà tó di ọdún kejì, orúnkún ẹsẹ̀ tó dára bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń pa á mọ́ fún mi, torí ó ń bẹ̀rù pé mo máa ní kó máa lọ sílé. Ìgbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni mo tó mọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fi ń rìn lọ sí ọjà, tó fi ń dúró dáná, tó fi ń pọnmi, òun náà ni mo tún ní kó máa fi yí máṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ni padà.

Ohun kan wà tí àwọn dókítà mọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré lè bá ayé rẹ̀ lọ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kí agbára iṣan rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àárẹ̀ tuntun a dé, ìrora tuntun a dé, nígbà mìíràn nínú ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé rò pé àrùn náà kò kàn rárá. Àrùn náà ti pa lára àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jíṣẹ́ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn fún iṣan, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ tiwọn àti ti àwọn tó kú láti ìgbà yẹn. Tí a bá ń lò wọ́n nílòkulò, wọ́n a rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti tán ní Áfíríkà, inú gbogbo wa dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti mú ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàárín wa, ẹ sì ní láti fi ẹsẹ̀ yín jẹun fún ogójì ọdún sí i. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ni ohun ìní rẹ tó wọ́n jù. Má ná an sórí irin ìtẹ̀.

Tí o bá fẹ́ mọ ìwọ̀n tìrẹ, lọ bá ẹnikẹ́ni tó ní ẹlẹ́sẹ̀. Yọ òwú kúrò lára rẹ̀, gbé irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, kí o fi ẹsẹ̀ òsì nìkan wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Má ṣe ìpinnu ní ọjọ́ náà, torí ara tó gbóná kì í sọ òtítọ́. Wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí o bá ń dìde lórí ibùsùn. Bó bá wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ti parí nìyẹn. Bí kò bá ṣe é ní nǹkan kan, o lè máa fi ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ kọ́ṣẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wàá fi ṣe iṣẹ́ ajé nílé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò béèrè agbára ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ kò ṣìnà nígbà tó dárúkọ ọlọ́wọ́. Kò sí olùkọ́ tó dà bíi rẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ a wọlé bí ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí náà o lè dúró sí ojú abẹ́rẹ́ tó bá wù ọ́ gan-an, pàápàá níbi tí kọ́là ti ń ṣẹ́ kọ́nà. Ibi tó ti ṣòro ni pé ó ń gba ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, ọwọ́ òsì nìkan ni yóò máa darí aṣọ. Ọrùn ọwọ́ òsì tìrẹ sì ti ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀, òun ló ń di ọ̀pá mú. Wákàtí kan nígbà tí iná bá lọ, ó dára. Odindi ọjọ́ kan, rárá. Má sì gbàgbé èyí tí o bá ń ra orí: ọwọ́ ìyípo ní irin kékeré kan tó ń wọ àárín ẹ̀ka wíìlì láti fi tì í. Tí wíìlì bá dí pa, tí kò ní ẹ̀ka tó ṣí sílẹ̀ bíi ti wíìlì kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ìyípo kò ní lè mú un. Wo ẹ̀yìn ọwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì náà, kí o rí i pé igun irin tí wọ́n lu ihò ìdè sí wà níbẹ̀. Ihò yẹn ni ọwọ́ ìyípo ń so mọ́, òun náà ni mọ́tọ̀ ń so mọ́. Wọn kò lè wà níbẹ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n sukurudíráfà kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti yọ ọ̀kan kí a de èkejì.

Dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn pẹ̀lú ìfẹ́, torí ọkùnrin tó ń ronú nípa àbúrò rẹ̀ báyìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé indọ́sírìà kò tíì kàn ọ́. Máṣíìnì ilé tó ń lo iná a máa rán ojú abẹ́rẹ́ 600 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Indọ́sírìà lè rán tó 5,000. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò lè tẹ̀lé eré yẹn, ìka a sì máa há sábẹ́ abẹ́rẹ́. Èyí tí àwọn tó ń tà á kò ní rántí sọ fún ọ ni pé irin tó ń gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀) sókè, orúnkún ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Orúnkún ọ̀tún tìrẹ kọ́ ni ká máa bẹ̀ nípa iṣẹ́ yẹn ní ìgbà igba lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iná. Mọ́tọ̀ àtijọ́ tó máa ń wà lábẹ́ indọ́sírìà, bíi 400 wáàtì ni, ó sì ń yí láìdúró bí o bá ti tan án, yálà o ń rán aṣọ tàbí o ń yọ píìnì. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní servo kì í jẹ iná àyàfi tí o bá ń rán, òun ni kó o béèrè fún tí ó bá di ọdún méjì sí i tí iṣẹ́ bá ti pọ̀. Mọ́tọ̀ kékeré tó ń so mọ́ orí dúdú kì í sábà ju 250 wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ tó kéré jù nílé gbé e. Ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ náà wà o, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé rí ní orílẹ̀-èdè yìí.

Wọ́n lè fi máṣíìnì oníke tókúnbọ̀ lọ̀ ọ́, àwọn Brother àti Singer funfun tó fúyẹ́. Àwọn kan nínú wọn ní bọ́tìnì tí ènìyàn fi ìka tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àti láti dúró, tí ẹsẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbéra, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Fún ìwọ tí ẹsẹ̀ òsì rẹ lè tẹ pẹ́dàlì, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 110 tàbí 120 fólítì ló ń lò; tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ọjọ́ tí o bá kì í bọ iná láìsí tiransífọ́mà tó ń dín iná kù ni yóò jóná. A máa ń kọ iye fólítì sára rẹ̀ nítòsí ibi tí wáyà ń wọ̀, ka á kí o tó sanwó. Bí pátákó iná inú rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ọ̀nà Ìlọrin ni wàá gbé e gbà, kì í ṣe Mọ̀pà.

Tí o bá wá dé iwájú ẹni tó ń tà, àlòkù tàbí tuntun, má jẹ́ kó fi ọ̀dà dídán àti òdòdó wúrà ara rẹ̀ mú ọ. Fi ọwọ́ yí wíìlì fúnra rẹ láìsí òwú. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má há níbì kan kó sì tú níbòmíràn. Di irin tó gbé abẹ́rẹ́ dání, mì í síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń jó, ó ti gbó. Fi ìka pa eyín tó ń fa aṣọ, tí kò bá mú ìka rẹ rárá, kò ní mú aṣọ. Ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà wà ní ibi bọ́bìnì. Mú òwú funfun àti òwú pupa lọ́wọ́ láti ilé, kí o fi pupa sókè, funfun sí bọ́bìnì, kí o rán ańkárá tí a ká sí méjì. Bí pupa bá ń yọ jáde lábẹ́ aṣọ, ìfà òwú òkè ti dẹ̀ jù. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ó ṣeé yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fo ojú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, fi í sílẹ̀ fún un. Má jẹ́ kí wọ́n tà ọ́ láìjẹ́ pé o ti fi ọwọ́ ara rẹ bọ ilé bọ́bìnì wọlé kí o sì yọ ọ́. Abẹ́ lápá òsì ló wà, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, ìka méjì ló ń ṣe é. Ọwọ́ òsì tó ń ro ọ́ náà ni yóò máa ṣe é lójoojúmọ́, nítorí náà jẹ́ kó dán an wò ní ọjà.

Owó tí ẹ bá ní, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ra orí. Tábìlì àti àga ni ìdajì iṣẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ rí bíi tìrẹ, mo sì ti rí máṣíìnì olówó ńlá tó ń ba ẹ̀yìn ènìyàn jẹ́ nítorí àga ike. Jókòó sórí àga tí wàá lò, tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ bí ẹni tó fẹ́ jẹun, kí káfíńtà wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ dé láti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú irin tí aṣọ ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ojú tábìlì. Orí máṣíìnì ní gíga tirẹ̀. Kó gbẹ́ ojú tábìlì kí orí náà lè wọlé díẹ̀, tàbí kó gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrú. Àga kò gbọ́dọ̀ ní táyà lẹ́sẹ̀. Kó ní ẹ̀yìn tó gbé ìbàdí. Àpótí kékeré kan yóò wà lábẹ́ tábìlì lápá ọ̀tún, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò máa sinmi lé, kó má bàa máa rọ̀ dirodiro kó sì máa fa ẹ̀yìn rẹ. Orí dúdú yẹn ju kìlógíráàmù mẹ́wàá lọ, nítorí náà ibi tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sí ni kó máa gbé. Ìwọ kọ́ ló máa máa gbé e wọlé gbé e jáde.

Pẹ́dàlì mọ́tọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí, torí wáyà lásán ló so ó mọ́ máṣíìnì. Ó lè wà níbikíbi. Ìhà òsì ni kí o gbé e sí, níwájú díẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń dé láìnà án. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì a máa jẹ́ kó sá lọ, nítorí náà kan án mọ́ orí pákó fẹ̀ǹfẹ̀, kí o lẹ rọ́bà inú táyà ọ̀kadà mọ́ abẹ́ pákó náà. Bí gìgísẹ̀ bá wà nílẹ̀, tí iwájú ẹsẹ̀ nìkan ń tẹ̀, kò ní rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òsì bá fẹ́ sinmi, gbé pẹ́dàlì náà sórí tábìlì, kí o fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹni tó ń fi orúnkún tẹ tirẹ̀. Ní kí káfíńtà kan ìkọ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì fún ọ̀pá rẹ, kó má ṣubú síbi tí ọwọ́ rẹ kò ní dé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé ìdí máṣíìnì kọ́ ni télọ̀ ti ń lo àkókò jù. Gígé aṣọ, píìnì, áyọ́ọ̀nù, bọ́tìnì. Ìdúró ló ń pa ènìyàn níbẹ̀. Aṣọ ọmọdé tí o yàn yẹn jẹ́ ọgbọ́n gidi, torí ó ṣeé gé ní ìjókòó: tábìlì kan náà gba á, yáàdì kan tàbí méjì kò ní wọ́lẹ̀. Má fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ mọ́ tábìlì nígbà tí o bá ń gé. Kó òkúta odò mẹ́rin tí o ti fọ̀ mọ́ lé aṣọ, àwọn ni yóò dì í mú fún ọ. Ra àlùmọ́gàjí tó mú, tí kò sì wúwo, tí ihò rẹ̀ gba ìka mẹ́ta, kí o má sì fi gé bébà láé. Áyọ́ọ̀nù ni kí o ṣọ́ra fún jù. Má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná rìn pẹ̀lú ọ̀pá, bó ti wù kó kúrú tó. Pákó ìlọṣọ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún rẹ, ní gíga kan náà pẹ̀lú tábìlì, kí o kàn yí ara sí i. Ti eléèédú wúwo fún ọrùn ọwọ́ rẹ; kó gbogbo aṣọ tó fẹ́ áyọ́ọ̀nù jọ de ìgbà tí iná bá wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Àwọn ìyá wa ní Bùnú, lára ilẹ̀ Òkun níbí, ni wọ́n hun aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn ńlá. Òfì tí wọ́n fi hun ún dúró gbọnrangandan níwájú wọn, wọ́n jókòó tì í, ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Òfì àwọn ọkùnrin, èyí tó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ rí pé nítorí pé ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀, aṣọ ìpò kì í ṣe aṣọ. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ka yíya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àìpé ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì dára kí o mọ̀ pé ó wà. Síbẹ̀, ìjà kọ́ ni mo fẹ́ kó o gbé lọ bá a. Padà lọ pẹ̀lú àgbàlagbà kan láti ilé yín, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ fún un pé máṣíìnì tìrẹ ni wàá gbé wá, ìmọ̀ gígé àti wíwọ̀n ara àti bí wọ́n ṣe ń de kọ́là ni o wá kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, òun nìkan kọ́ ni ọ̀gá ní Mọ̀pà. Ìsánlú kò jìnnà, Kàbbà náà kò jìnnà, ilẹ̀kùn tèmi sì ṣí.

Àwọn mìíràn tó ń kà èyí lè ní ìṣòro tó yàtọ̀ sí tìrẹ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi ọlọ́wọ́ sílẹ̀. Máṣíìnì oníke tí bọ́bìnì rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ láti òkè, tó ní irin tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ni kó wá. Èyí náà ló dára fún ẹni tí làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò. Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ ra irin ẹlẹ́sẹ̀ rárá, torí kò ní jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀, kó fi bébà funfun sí ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ kó tó ki òwú bọ̀ ọ́, kó sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wá láti apá òsì rẹ̀.

Tí orí náà bá ti dé ilé, epo máṣíìnì funfun ni kí o kán sí i, kán díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ihò òkè rẹ̀ àti ibi tí irin ti ń pa irin. Òróró ẹ̀pà a máa dì bíi gọ́ọ̀mù, ó sì ti pa máṣíìnì tó pọ̀. Má fi òwú sí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ya ewé ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, èyí tó ní ìlà, fi abẹ́rẹ́ àtijọ́ sí i, kí o fi ọwọ́ ìyípo rán orí ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí abẹ́rẹ́ kò fi ní kúrò lórí ìlà mọ́. Lẹ́yìn náà, fi báírò ya òbìrípo àti kọ́nà sórí ewé mìíràn. Ọjọ́ tí o bá yí kọ́nà mẹ́rin láìkúrò lórí ìlà ni kí o tó de mọ́tọ̀ mọ́ ọn, kí o gbé ẹsẹ̀ òsì lé pẹ́dàlì, kí o sì tún ya ewé mìíràn.